Òkú Tó Ń Ṣẹ́jú

Àwo atíẹ́kẹ́ ẹlẹ́ja kan, gbáàgúdá rírin tí a fi ooru sè, jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan fránkì ní ọjà Adjamé. Òun ni mò ń jẹ ní ìsọ̀ tí mo ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nígbà tí obìnrin kan gbé tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ dé láti Riviera, àdúgbò àwọn olówó.

"Tantie, ó ti kú. Ẹ mú un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

Mo kì í bọ iná. Iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ta ló ti rí òkú tó ń ṣẹ́jú rí? Bọ́ọ̀dù tó ń fún un níná ló ń ṣàìsàn. Mo kó ẹja sẹ́nu kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọlọ́jà ò gbọ́n. Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo ní." Ó bínú, ó gbé ẹrù rẹ̀. Ọkùnrin Ọ̀yọ́ tó ni ìsọ̀ kejì, tóun náà ti rí iná yẹn, ní, "Madame, mo san mẹ́wàá."

Mo ní méjìlá.

"Àlájà, ẹja ṣì wà lẹ́nu yín. Ẹ máa jẹun yín."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Atíẹ́kẹ́ fò sí i láyà.

Obìnrin náà wò wá. "Òkú yìí mà lẹ́bí o." Ó gba owó mi.

Nígbà tí mo tú u, kapásítọ̀ kan, agolo kékeré tó ń pa iná mọ́ lórí bọ́ọ̀dù náà, ti wú lórí bíi búrẹ́dì. Mo ra òmíràn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fránkì, mo fi òjé lẹ̀ ẹ́, àwòrán sì yọ kedere. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ni mo tà á. Ẹnu mi ti jẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nínú èrè. Ohun tó kù fún mi jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógójì ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fránkì.