Ìwo Tó Já Ṣáájú Àkókò

Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀gbọ́n mi ṣèlérí fún mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó ń bá àwọn oníṣòwò Èkó di ẹrù ránṣẹ́ sílé láti Deira, àdúgbò ọjà kan nílẹ̀ Lárúbáwá, òun ló sì bá mi rí ọ̀gá tó gba visa fún mi. Àmọ́ nígbà tí mo dé, máníjà ọ̀gá náà gba passport mi ní airport, ó fi jíìpù gbé mi kọjá ìlú Sharjah wọ inú aṣálẹ̀, síbi tí ọ̀gá ti ń sin ẹranko fún ìgbádùn ara rẹ̀.

Àgbọ̀nrín ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, abo mélòó kan àti akọ méjì. Ìwo àwọn akọ náà pẹ̀ka bí igi tó ti wọ́wé tán. Ní ọ̀dọ̀ wa nílé, ìwo àgbọ̀nrín kì í kúrò lórí rẹ̀ àfi téèyàn bá gé e. Máníjà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ti àwọn wọ̀nyí máa ń já fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ooru bá ti ń bẹ̀rẹ̀, òmíràn á sì hù.

Wáyà gíga ló yí gbogbo ọgbà náà ká. Yàrá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kọ́kọ́rọ́ géètì sì wà lápò máníjà. Tó bá ti wakọ̀ lọ sílé, ó di ìgbà tó bá padà. Onítáńkà omi nìkan ló tún ń wọlé, òun náà kì í dúró pẹ́.

Nígbà òtútù, àwọn akọ méjèèjì jà. Èyí àgbà ló fìdí rẹmi. Máníjà ní kí n tì í mọ́ ilé kékeré kan tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, kí ìkejì má bàa pa á. Láti ìgbà náà ló ti ń kọjú sí kọ̀rọ̀ ògiri. Koríko tí mo gbé fún un lówùúrọ̀ ni mò ń bá nílẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Mo sọ fún máníjà. Ó ní, "Ebi máa pa á, ó máa jẹun. Khalas, ó parí."

Lọ́jọ́ kan mo gbé omi wọlé, mo bá ìwo kan nínú iyanrìn. Lọ́jọ́ kejì, ìkejì ti já. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà níbi tó ti kúrò. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ń kó àlejò bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kí wọ́n wá wo ìwo wọ̀nyẹn gan-an.

Máníjà wo ilẹ̀, ó wò mí. "Kí lo fi lù ú?"

"Mi ò lù ú, sà."

"Àsìkò kò tíì tó. Ti akọ kejì ṣì wà lórí rẹ̀. O lù ú." Ó ní ọlọ́pàá lòun máa pè. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ pè, ó wá na fóònù sí mi.

"Bẹ̀ ẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kúnlẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan ẹran náà o."

"Mo ti gbọ́. Ṣáà bẹ̀ ẹ́. Èmi ni wọ́n mọ̀."

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo padà sọ́dọ̀ ẹran náà, mo jókòó tì í, torí mi ò rí ibòmíràn lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá rán dókítà ẹranko wá, obìnrin ará Sudan kan. Ó ní kí n di ọrùn ẹran náà mú, ó fọwọ́ pa gbogbo ara rẹ̀. Lábẹ́ irun itan ẹ̀yìn, ó rí ojú ọgbẹ́ kan tó ti gbọyún.

Ó sọ fún máníjà pé, "Agbára akọ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń di ìwo mú. Tó bá lọ sílẹ̀, egungun á rọ̀ nídìí ìwo, á sì já. Tí wọ́n bá ṣe akọ léṣe, tí kò jẹun, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti lé e débi tí ọkàn rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì, agbára yẹn lè lọ sílẹ̀ kí àsìkò tó tó. Kò sẹ́ni tó lù ú." Ó ní kí wọ́n mú un kúrò nínú ilé búlọ́ọ̀kù náà.

Ó wá yíjú sí mi. "Ìgbà wo lo jáde níbí gbẹ̀yìn?"

Máníjà dúró tì wá. Mo wo àpò rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, akọ kejì ni ọ̀gá fi han àwọn àlejò. Kò bi mí ní nǹkan kan, máníjà náà kò sì ní kí n má bínú. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́ kí n bá onítáńkà jáde. Láti Sharjah mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Deira.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń lẹ páálí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò bẹ̀ ẹ́ o."

Kò gbójú sókè. "Èmi bẹ̀bẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé," ló wí. "Èmi náà kò ṣe nǹkan kan." Ó wá bu búrẹ́dì fún mi.

Nírọ̀lẹ́ mo padà sínú wáyà, torí visa ọ̀gá ló wà lọ́rùn mi. Mo lo ọdún náà tán níbẹ̀. Ọgbẹ́ ẹran náà jinná, ìwo tuntun hù, àmọ́ èyí tó wà lápá òsì wọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n yọ̀ǹda mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí bá a di ẹrù ní Deira.

Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, tí mo bá fẹ́ lọ ra tíì níwájú ṣọ́ọ̀bù, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jáde?"

Ẹ̀gbọ́n mi á wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta lò ń bi?"