Búùtù Mi Tó Wà Nínú Àbàtà

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: kì í ṣe òdòdó ni mo lọ wò lókè àríwá ilẹ̀ òyìnbó. Ọmọ mi obìnrin ni mo lọ mú bọ̀ wálé. Peckham ni mo bí i sí, ibẹ̀ ni mo ti tọ́ ọ, ó sì kàwé gboyè. Lọ́jọ́ kan ló bá ní òun ti ríṣẹ́ sí àbàtà kan, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé èèyàn lọ fún wákàtí mẹ́rin. Iṣẹ́ wo? Ó ní òun á máa tọ́jú òdòdó inú igbó. Mo ní, "Yéè! Òdòdó tí ẹnikẹ́ni ò gbìn?"

Mo sọ fún àwọn ìyá tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kó tó di Iléyá, ọmọ mi á ti padà sí yàrá ẹ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ kó má ṣẹ. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú yàrá náà.

Ìgbà òtútù ni mo kọ́kọ́ lọ. Omi dúdú, koríko gbígbẹ, atẹ́gùn tó ń gbá èèyàn létí. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sórí ẹrẹ̀ ká lè ríbi rìn. Mo ní, "Ṣé torí èyí ni mo ṣe ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Sydenham ní kùtùkùtù?" Ó rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ padà wá nígbà spring." Mo ní àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń ta kété sí mi. Kò gbọ́ òwe náà. Mo ní láti túmọ̀ ẹ̀ fún un, kí n tó parí ẹ̀, ìbínú mi ti rọ̀.

Nígbà tí mo padà lọ, òdòdó tó pọ́n bí ìyeyè ti bo etí omi. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ọmọ mi ń kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ewé, ọmọ tó jẹ́ pé "hi, Mummy" ló fi ń kí mi láàárọ̀. Mo jowú òdòdó, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nígbà ooru ni mo rí òwú. Òwú funfun báláú, ó lọ salalu lórí àbàtà, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ìyá mi ń ran òwú, èmi ni mo máa ń já a lóko. Ta ló fẹ́ fi òwú hàn mí? Ibi tí òwú bá sì ti hù, ilẹ̀ gbígbẹ ni. Mo kúrò lórí pákó.

"Mummy, please, ẹ dúró!"

"Òwú ni wọ́n fi tọ́ mi, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Àbàtà gbé ẹsẹ̀ òsì mi mì dé orúnkún, ó tún fà á dé itan. Mo ké pe Ọlọ́hun. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọmọ mi ò pariwo. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí pákó, ó di apá mi mú. "Ẹ má jà. Ẹ fẹ̀yìn tì mí. Ẹ rọra yọ ẹsẹ̀ nínú búùtù." Mo ṣe gbogbo ohun tó ní kí n ṣe, èmi tí n kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ jáde. Búùtù tuntun tí mo rà ní Lewisham kò jáde.

Ó já ọ̀kan nínú òwú náà fún mi. Mo fi ìka lọ́ ọ, ó já. Mo tún lọ́ ọ, ó tún já.

"Koríko ni, Mummy. Inú omi ló ń gbé. Kò lè hù síbi gbígbẹ."

Nígbà tí ewé ń wọ́, mo lọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Iléyá ti kọjá, àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí ò sì yéé bi mí. Àtìgbà tí mo ti wọkọ̀ ní New Cross ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu, lọ́tẹ̀ yìí kò ní sí àwáwí. Gbogbo àbàtà ti pupa. Nígbà tí a dé ibi tí mo ti rì, ó dúró.

"Mummy, wọ́n fẹ́ kí n tọwọ́ bọ̀wé pé màá dúró síbí pátápátá. Mi ò tíì sign. Tí ẹ bá ní kí n máa bọ̀ nílé, màá bọ̀. I promise."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá látìgbà òtútù nìyẹn. Ó yá, ká lọ: gbogbo ohun tí mo ní láti sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo ibi tó ti dọ̀bálẹ̀ fà mí jáde.

Mo ní, "Búùtù mi ṣì wà níbẹ̀ yẹn. Tí o bá bá mi lọ, ta ló máa bá mi ṣọ́ ọ?"

Ó kúnlẹ̀ sórí pákó tútù náà, orúnkún méjèèjì. Kò sí ewé kankan níwájú ẹ̀. Èmi ló kúnlẹ̀ fún.