Ọjọ́ Tí Ìyáálé Mi Pe Baba Lórúkọ

Ẹni tí kò bá ṣe ìyàwó ilé ní Òkè-Ògùn nígbà tiwa kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ orúkọ ti le tó. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà kí o tó dé, ọkọ rẹ ni. Àní ọmọdé tí ikun ṣì wà nímú rẹ̀, “Adúmáadán” lo máa pè é. Ti baba ọkọ wa wá ju ìyẹn lọ. Orúkọ àbísọ rẹ̀ kì í jáde lẹ́nu ìyàwó kankan. Mi ò ní kọ ọ́ síbí náà, nítorí bí mo ti darúgbó tó yìí, ìyàwó ilé ṣì ni mí.

Tẹ̀dé là ń gbé, náírà ò tíì pẹ́ tó dé nígbà náà. Èmi ni mo fẹ́ àbúrò, ìyáálé mi ló fẹ́ ẹ̀gbọ́n, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́ gbódó. A ó bẹ iṣu, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ilé títí yóò fi gbẹ, ká tó lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́. Òjò nìkan ni ọ̀tá wa. Gbódó tí òjò bá pa, ó ti bu nìyẹn, ewúrẹ́ ló ni ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àkọ́rọ̀ òjò ya dé láìkìlọ̀, gbogbo wa sì sáré gun àpáta lọ. Ìyáálé mi ló sáré jù, torí ó sanra díẹ̀, kò sì gbà pé òun sanra. Omi ti kan ìyẹ̀fun iṣu tó wà nílẹ̀, ibẹ̀ wá ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú sẹ́yìn, ìpàkọ́ rẹ̀ sì ró gbì lórí àpáta. Ó la ojú sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ó dìde. A yẹ orí rẹ̀ wò, kò sí ẹ̀jẹ̀, a kí i kú ewu, mo tilẹ̀ ní àpáta ló yẹ ká kí. A gbé apẹ̀rẹ̀ rù ú, ó sì rù ú délé.

Baba jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Dípò kí ìyáálé mi kúnlẹ̀, ó dúró gbọnin, ó pe Baba lórúkọ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ṣé o ti kó gbódó?”

Háà! Ọkọ rẹ̀, ọkùnrin onínúfùfù kan báyìí, fò dìde. Ó ní kó di ẹrù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé baba rẹ̀ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nínú òjò yẹn, títí àwọn èèyàn rẹ̀ yóò fi wá bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọmọ osú, àwọn obìnrin tí wọ́n bí sílé náà, ní àfojúdi yẹn ti pẹ́ nínú rẹ̀. Obìnrin náà ò sì gbèjà ara rẹ̀. Ó jókòó ti apẹ̀rẹ̀, ó ń bi mí bóyá a ti kó gbódó. Mo ní a ti kó o. Ó tún bi mí. Mo tún dáhùn. Ó tún bi mí, mo wá rántí bí ìpàkọ́ rẹ̀ ti ró lórí àpáta.

Ìyàwó kékeré kì í sọ̀rọ̀ níbi tí ọkọ bá ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi kì í gbélé. Mo kúnlẹ̀ síwájú Baba, mo ní, “Baba, ẹ má bínú. Kì í ṣe àfojúdi. Ó forí lu àpáta.”

Bí ẹni ń jẹ́rìí sí mi, ìyáálé mi bì sórí bàtà ọkọ rẹ̀. Baba ní ká wá ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn ní Ṣakí, nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó bi í lọ́jọ́ wo la wà, ìyáálé mi sì dárúkọ ọjọ́ ọjà tó ti kọjá. Nọ́ọ̀sì wá kọjú sí wa, ó ní, “Ẹ má máa wá ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ọpọlọ lè mì nínú agbárí kí awọ má bó. Ẹni tó bá forí gbá nǹkan, tó wá ń bì, tàbí tó ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ, tàbí tó ń hùwà tí kì í hù, ẹ gbé e wá kíákíá.” Wọ́n dá a dúró, wọ́n ń ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a ń lọ, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ru ẹrù, kò gbọdọ̀ gúnyán, kó sì má tún forí gbá nǹkan kí ti àkọ́kọ́ tó san, torí èkejì ló máa ń burú.

Ẹ wo ìsinmi! Orí ẹní ló ti ń pàṣẹ fún gbogbo wa. Ọkọ rẹ̀ ló ń pọnmi, àwọn obìnrin odò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi mọ osùká wé dáadáa. Baba náà ṣòfin pé bí òjò bá ṣú, ká máa rìn ni lórí àpáta, kí èyí tó máa bu bu.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyáálé mi gbọ́ ohun tó ṣe, ìtìjú fẹ́ẹ̀ pa á ju orí fífọ́ lọ. Bí Baba bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà jáde. Nígbà tó yá, ó wá obì, àwa ìyàwó ilé sì bá a kúnlẹ̀ bẹ Baba.

Baba ò gba obì. Ó ní, “Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ tán. Jọ̀ọ́, tún pè mí.”

Ìyáálé mi dojú bolẹ̀, ó ní kí Baba béèrè ohunkóhun mìíràn lọ́wọ́ òun.

Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Alihamudulilaahi. Orí ìyàwó wa ti pé.”