Ẹja Tí N Kò Ka Irùngbọ̀n Rẹ̀

Bàbá tí mo ń bá sin ẹja l'Òṣíẹ̀lẹ̀ ti fi àwọ̀n pa òbòkún rí nínú odò Ògùn, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ríran dáadáa. Ojú ọ̀hún ti ń ṣú báyìí. Àrọ̀ ló kún inú adágún onísìmẹ́ńtì rẹ̀, ṣùgbọ́n òbòkún ló ń wù ú. Ó ní òun fẹ́ sìn ín lẹ́ẹ̀kan kí òun tó kú.

Ọkùnrin kan tó ń ta ọmọ ẹja gbé àwọn kan wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n ń dán bíi fàdákà. Ó sọ fún mi pé odò ilẹ̀ Éṣíà ni ìran wọn ti wá, pé ẹ̀rù kì í pẹ́ bà wọ́n, ká má dín omi wọn kù láé. Èmi kàn ń wo bí wọ́n ṣe ń dán. Nígbà tí Bàbá bèèrè irú ẹja tó jẹ́, mo ní òbòkún ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni Éṣíà.

"Ṣé o ka irùngbọ̀n ẹ̀? Ti òbòkún, mẹ́jọ ni."

"Mo kà á, Bàbá. Mẹ́jọ ni."

N kò kà á. Bàbá ní kí ìyàwó òun wá ìkòkò tó ga fún òbòkún, pé àrọ̀ ti di oúnjẹ àwọn aládùúgbò. A kó àrọ̀ kúrò nínú adágún, a da àwọn ọmọ ẹja náà sí i. Ó ní ìwé díẹ̀ tí mo kà ò ṣòfò.

Nígbà tí wọ́n tó àtẹ́lẹwọ́, ó tó àkókò àtiṣà wọ́n. Bí a ṣe ń ṣe àrọ̀ nìyẹn: a ó fa omi dé ọrùn ẹsẹ̀, a ó wọ inú adágún pẹ̀lú abọ́, a ó ya ńlá kúrò lára kékeré kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Àrọ̀ á kàn máa rá ká ni. Àwọn wọ̀nyí, bí mo ṣe fa omi wọn tí mo ki ẹsẹ̀ bọ inú adágún, wọ́n ya lu ògiri. Wọ́n padà, wọ́n tún forí sọ ọ́. Mo sáré da omi padà, ó ti pẹ́ jù. Ẹnu wọn ti bó. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti léfòó, ikùn lókè.

Bàbá ní kí n gbé ọ̀kan wá. Ó tẹ́ ẹ sọ́wọ́, ó ń fi ìka kà: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ó tún un kà. Ó ń wù mí kó bú mi.

"Mẹ́rin ni," ó wí. "Ojú tèmi ló ń ṣú. Tìẹ ńkọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún mi. Ó ní kí n dìde, kí n lọ fọ ẹsẹ̀ mi.

Mo ṣì ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ẹja báyìí ni mo gbé dé, ọwọ́ ló ń nà sí mi, kí n gbé ẹja náà lé e, kó fi ìka ara rẹ̀ ka irùngbọ̀n ẹ̀.