Ọwọ́ Tí Mo Fi Pín Ara Kristi

Òórùn tùràrí àti ti ẹ̀wù òtútù tí òjò ti pa ló máa ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà ìjọ Àgùdà wa ní Rothenburgsort, ní Hamburg. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá Fada pín Ara Kristi, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ bàbá Jámánì kan tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ládùúgbò. Òun ló fà mí wọ ẹgbẹ́ nígbà tí mo di ọmọ ìlú Jámánì. Ó ní ẹni tó bá kórìíra oyún ṣíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n, mo sì gbà á gbọ́. Ìbò méjì ni mo bá wọn dúró nínú òtútù tí mo ń pín ìwé, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní àdúgbò Wedding, ní Berlin, kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn sétí. Ó wá kí mi lópin ọ̀sẹ̀ kan. Bí a ṣe jọ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn lọ́jọ́ Sátidé, àfi bàbá yìí lábẹ́ agbòòrùn ẹgbẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi ní ìwé kan. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n yà sí i, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n dá wọn padà sílé. Àwọn wo? Ojú mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúdú bíi tèmi.

“Màmá, Partei yín, ẹgbẹ́ yín, nìyí?” ọmọ mi bi mí. Ojú tì mí, ọ̀rẹ́ mi, kí n má parọ́ fún ọ. Nígbà tá a délé, ó ní bí mo bá lè gbé Ara Kristi lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ lọ́la, òun ò ní í gbà á níbì kankan mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó ṣì bá mi lọ sí Mísà, nítorí mo bẹ̀ ẹ́. Mo gbé abọ́ Ara Kristi dúró lápá òsì Fada, mo sì rí bàbá náà lórí ìlà tèmi. Ó lè gba ọ̀dọ̀ Fada lọ o, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ mi ń wò mí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, èmi náà sì ti bá a bomi rin oko yẹn. Ó tẹ́ ọwọ́ arúgbó rẹ̀. Mo ní, “Ara Kristi.” Ó ní, “Àmín.” Mo fún un. Kì í ṣe tèmi, mi ò lè fi du ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo gbójú sókè, àyè ọmọ mi ti ṣófo.

Lẹ́yìn Mísà mo lé bàbá náà bá lẹ́nu ọ̀nà, mo da ìwé rẹ̀ padà fún un, pẹ̀lú káàdì ẹgbẹ́ mi. Ìyẹn, tirẹ̀ ni.

“Kì í ṣe ẹ̀yin là ń bá wí,” ó ní.

“Ta wá lẹ̀ ń bá wí, bàbá?”

Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ọmọ mi ò tíì padà sí Mísà. Ó máa ń pè mí, a máa sọ̀rọ̀ oúnjẹ, a máa sọ ti òtútù, a kì í dárúkọ ọjọ́ yẹn. Ó ń dùn mí. Nígbà míì mo máa ń rò pé bóyá òun ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbé abọ́, bàbá náà sì ń wá sórí ìlà mi. Tí mo bá ti ní “Ara Kristi,” èmi àti ọmọ mi àti ojú mẹ́ta inú ìwé yẹn ni mo ń kà mọ́ Ara náà nínú ọkàn mi. N kì í fi í sílẹ̀ sí i lọ́wọ́ títí á fi ṣe Àmín.