Àgbájọ Ọwọ́ Tí A Nà sí Ìyá Kétu

Ọdún tí ìjọba ti ẹnubodè pa ni mò ń sọ, tí obì wa ń jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀ ní Ṣàgámù. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olóbì nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń bi mí bóyá ó yẹ kí àwa àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká parapọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná.

A wọ́de lọ sí ààfin ní Ofin, kí Kábíyèsí lè bá wa bẹ ìjọba. "Ọ̀kan ni wá! Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!" là ń pariwo. Iwájú ni Ìyá Kétu wà, oníbàárà wa láti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Obì tó ti rà wà ní ìsọ̀ wa, kò rọ́nà gbé e lọlé, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi ga ju tiwa lọ.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan dá wa dúró. Kò tilẹ̀ mú kóńdó dání. Ó kàn ní, "Ṣé ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo yín?"

Kí n tó lanu, alága wa ti nawọ́ sí Ìyá Kétu. Làwọn yòókù bá nawọ́ tiwọn náà. "Ará Kútọnu nìyí, sà! Kì í ṣe ara wa!"

"Alága, èmi náà?" ni Ìyá Kétu wí. "Èmi tí mo jẹun ìkómọ nílé yín? Mi ò tilẹ̀ mọ ẹnì kankan ní Kútọnu!"

Alága ń wo bàtà rẹ̀. Mo kígbe pé, "Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, sà!"

"Akọ̀wé, ẹ má kó bá wa o!" ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. "Mo kàn béèrè ni. Ta ló ní kí ẹ fà á lé mi lọ́wọ́? Ìyá, ẹ máa lọ sílé yín."

Ojú tì mí, bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ìyá Kétu tú aṣọ pupa tí gbogbo wa so mọ́ ọwọ́, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Akọ̀wé, ẹ ṣeun o," ló wí, ó sì lọ. Kò wá sí Ṣàgámù mọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣí ẹnubodè, a sì jó. Obì tirẹ̀ ti bàjẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé. Títí di òní, ẹgbẹ́ wa kò rán ẹnikẹ́ni sí Kétu láti lọ bẹ̀ ẹ́.

Mo ṣì gbà pé kí á parapọ̀, tọkàntọkàn ni mo fi gbà á. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ń pa òwe àgbájọ ọwọ́ ní ìpàdé, tí gbogbo wọn ń na ọwọ́ sókè, ńṣe ni mo máa ń ti tèmi bọ àpò.