Etí Tí Mo Fi Ń Yẹ Ife Wò

Ní ìlà wa nínú ọjà Madina, èmi ni wọ́n máa ń kó àwo wá bá pé kí n bá wọn gbọ́ ọ. Àwo tánganran àti ife ni mò ń tà. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: wàá gbé e lé orí ìka ọwọ́ òsì, wàá fi òrùka ọwọ́ ọ̀tún kàn án. Bí ó bá dún gán-ín tí ohùn náà sì fà, ó pé. Bí ó bá dún kò bí ìgbà tí a kan igi, ó ti sán níbì kan tí ojú ò rí. Kíláàsì kẹta ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ní ti etí, mo ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé. Mo tilẹ̀ máa ń di ojú bí mo bá ń gbọ́. Kò sí iṣẹ́ kankan tí ojú dídì ń ṣe níbẹ̀. Mo kàn rí i pé àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Obìnrin tó ń tajà fún àwa alágbàtà wà ní ọjà Makola. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ṣòwò lókèèrè ni bíi tèmi, mo jù ú lọ díẹ̀, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tí a ti jọ ń ṣòwò. Ohùn rẹ̀ tín-ínrín bí òwú ìránṣọ. Lọ́dún tó kọjá, mo ra páálí ife kéékèèké kan lọ́dọ̀ rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará àdúgbò Zongo fi ń mu tíì. Mo gbé e délé, mo kan àkọ́kọ́: kò. Mo kan ìkejì: kò. Mo kan mẹ́fà, kò sí ọ̀kan tó dún.

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá pe ará ilé kan kó bá òun gbọ́ ọ. Ta ni kí n pè? Ṣebí èmi ni wọ́n ń pè. Mo gbé páálí náà lé ẹsẹ̀ nínú trotro, ọkọ̀ èrò, títí dé Makola.

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀: "Ṣé ohun tí a jọ ń bá bọ̀ láti ọjọ́ yìí nìyí? Gbogbo ife yìí ló ti sán!"

Ó mú ọ̀kan, ó kàn án, ó wò mí. "Ìyá mi, ó ń dún."

"Kò dún!"

"Ẹ̀yin náà ẹ kàn án."

Mo kàn án: kò. Mo kàn án le sí i: kò. Mo wá fi gbogbo agbára gbá a, ó sì fọ́ sí méjì lọ́wọ́ mi.

"O ò rí i?" ni mo wí. "Ṣé èyí tó pé ló ń fọ́ báyìí?"

Àwọn ọlọ́jà yòókù ti ń yọjú, ariwo wọn sì bo gbogbo ibẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Mo fi páálí sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé Madina, mo ròyìn, àwọn obìnrin mẹ́ta nínú ìlà wa sì ní àwọn ò rajà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Nítorí kí ni? Nítorí etí mi.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì nílé ìwé kan ní Dansoman. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bó bá ń sọ ọ́ ni Twi, èdè ilẹ̀ ibí, máa ń bá a wọlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó wá yá abọ́ ńlá kan àti ife kékeré lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ nípa ìró. Ó fi ṣíbí kan abọ́ náà jẹ́jẹ́, mo gbọ́ ọ. Ó kàn án le.

"Màmá, ohùn kan náà ni, àbí? Ariwo ló pọ̀ sí i. Ẹ fọwọ́ bà á, ó ń gbọ̀n. Bí mo bá lù ú le, á gbọ̀n gan-an, ariwo á pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ohùn lọ sókè tàbí kó lọ sílẹ̀, ìyẹn wà lọ́wọ́ bó ṣe ń yára gbọ̀n sí. Abọ́ ńlá ń lọ́ra. Ife kékeré ń yára paa."

Ó mú ife kékeré dání. Mo di ojú, mo ń dúró.

"Ó yá, kàn án," ni mo wí.

"Mo ti kàn án. Ó ṣì ń dún lọ́wọ́."

Mo ní ife náà ti sán. Ó mú òmíràn, mo ní òun náà ti sán.

"Ao, Màmá! Gbogbo ife ilé yìí?"

Ó wá jókòó tì mí. Ó ní bí etí bá ń dàgbà, ohùn tó ga tó sì tín-ínrín ló kọ́kọ́ ń sá kúrò níbẹ̀, èyí tó nípọn á ṣì máa wọlé.

"N ò dití," ni mo wí.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo lẹ gbọ́ ìrẹ̀ kẹ́yìn?"

Mo sọ fún un pé ìrẹ̀ ti kó kúrò ní Madina, pé àwọn tó ń kọ́lé káàkiri ló lé wọn lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bá àwọn kọ́lékọ́lé ṣọ̀tá nítorí ìrẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Màmá, wọ́n ń ké lẹ́yìn fèrèsé yìí báyìí!"

N ò bá a rẹ́rìn-ín. Páálí tó wà ní Makola ni mò ń rò.

Ì bá dára kí n sọ pé mo lọ lọ́jọ́ kejì. N ò lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá bí n ó ṣe lọ ra ẹrù púpọ̀ láìsọ nǹkan kan, kó lè yé e fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọjà ni mo ti bú u, ohùn òkè ni mo sì lò. Mo kó àwọn obìnrin mẹ́ta náà dání, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà tí mo dúró sí níjọ́sí.

"Àbúrò mi, ife rẹ kò sán! Etí mi ló sán!"

Ó sáré wá bá mi, ó fi ẹnu kan etí mi, ó sì mú kí ohùn rẹ̀ nípọn bí ti ọkùnrin. "Ìyá mi, ẹ rọra. Wọ́n ti gbọ́ yín dé etí òkun."

"Bí mo ṣe pariwo lọ́jọ́ náà nìyí. Jẹ́ kó dọ́gba."

"Ṣebí mo ní kí ẹ pe ẹlòmíràn kó bá yín gbọ́ ọ?"

"O sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Àwọn mẹ́ta náà ra ẹrù tiwọn lọ́jọ́ náà. Èmi bèèrè páálí mi. Ó gbé e jáde, eruku ti bò ó. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ àfi ọ̀kan. Mo ní mo mọ ẹni tó fọ́ ọ.

Nísinsìnyí, abọ́ ńlá nìkan ni mò ń bá wọn gbọ́ ní Madina. Mo ṣì ń di ojú.